Bí A Ṣe Ń Dán Agbára Ìdílé Wò Lórí Bí Èlírí Yàrá Ìwádìí Ṣe Ń Di Akọ Tàbí Abo

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ọlẹ̀ tí ó bá gba krómósómù X méjì yóò di abo, èyí tí ó bá sì gba X kan àti Y kan yóò di akọ. Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Ní 1982, Eva Eicher àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Jackson Laboratory, ní ìlú Bar Harbor ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá mú krómósómù Y lára èlírí tí ó ṣẹ̀ wá láti àfonífojì Poschiavo ní Switzerland, tí a sì gbé e sínú ìdílé èlírí tí a ń pè ní C57BL/6J, kórópọ̀n àwọn ọmọ tí ó ní X àti Y kì í hù bí ó ti yẹ. Nǹkan bí ìdajì wọn ni yóò ní ilé-ẹyin lápá méjèèjì gẹ́gẹ́ bí abo. Àwọn yòókù yóò ní ẹ̀yà àdàlù, ìyẹn ẹ̀yà ìbímọ kan ṣoṣo tí kórópọ̀n àti ilé-ẹyin jọ wà nínú rẹ̀. Bí a bá gbé Y kan náà sínú ìdílé DBA/2J, akọ tí kò ní àbùkù ni yóò jáde. Y kò yí padà. Ilé tí ó wọ̀ ni ó yàtọ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó ní àyípadà jíìnì kan lọ́wọ́ tí ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá jíìnì náà nìkan ni ó ń sọ akọ di abo, tàbí ìdílé tí jíìnì náà wà nínú rẹ̀ ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Èlírí ni mo ń pe ẹranko náà jálẹ̀, kí a má baà ṣì í mú fún eku ńlá tí òun náà wọ́pọ̀ ní yàrá ìwádìí. Ìdílé ni mo ń pe àwọn èlírí tí wọ́n jọ ní àjogúnbá kan náà. Mo sì fi ọ̀rọ̀ náà, ìran, sílẹ̀ fún kíka láti òbí dé ọmọ àti láti ọmọ dé ọmọ-ọmọ, nítorí pé iye ìran ṣe pàtàkì gidigidi nínú iṣẹ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí èlírí. Nínú àwọn ẹbí kan tí àyípadà jíìnì NR5A1 wà, ọmọ tí ó ní X àti Y lè wà tí kórópọ̀n rẹ̀ kò dàgbà dáadáa, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí àyípadà kan náà ṣe fún ìyá rẹ̀ kò ju pé nǹkan oṣù rẹ̀ tètè dáwọ́ dúró. Dókítà tí ó jókòó níwájú irú òbí bẹ́ẹ̀ nílò láti mọ ìdí tí jíìnì kan fi ń hùwà méjì, ara èlírí ni a sì ti lè wá ìdí náà láìfi ọmọ ènìyàn dánwò. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ ní ìkánjú nínú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan àgò

Oyún èlírí kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 19 sí 20 lọ. Títí di nǹkan bí ọjọ́ 10.5 oyún, ẹ̀yà ìbímọ ọlẹ̀ XX kò yàtọ̀ sí ti ọlẹ̀ XY. Èyíkéyìí nínú wọn lè di kórópọ̀n, ó sì lè di ilé-ẹyin. Àsìkò yìí ni jíìnì Sry, tí ó wà lórí krómósómù Y, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń le jù lọ ní nǹkan bí ọjọ́ 11.5, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ tán ní ọjọ́ 12.5. Ní 1990 ni àwọn onímọ̀ rí jíìnì yìí, nígbà tí ó sì di 1991, Peter Koopman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London gbé e sínú ọlẹ̀ XX, àwọn kan nínú àwọn ọlẹ̀ náà sì di akọ. Iṣẹ́ pàtàkì tí Sry ń ṣe ni pé ó ń jí jíìnì mìíràn tí a ń pè ní Sox9. Sox9 ni yóò sọ sẹ́ẹ̀lì di sẹ́ẹ̀lì Sertoli, àwọn sẹ́ẹ̀lì Sertoli ni yóò sì kó àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù jọ tí wọn yóò fi di kórópọ̀n.

Ṣùgbọ́n Sry nìkan kọ́ ni ó wà lórí pápá. Àwọn jíìnì mìíràn, Wnt4 àti Rspo1, ń fa ẹ̀yà náà sí ọ̀nà ilé-ẹyin, wọn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn onímọ̀ kan ní Japan tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2009, nínú èyí tí wọ́n ti ń fi ooru jí Sry ní wákàtí tí ó bá wù wọ́n. Wọ́n rí i pé àyè tí Sry ní láti ṣiṣẹ́ kò ju nǹkan bí wákàtí 6 lọ, láàárín ọjọ́ 11.0 sí 11.25, tí àkókò yìí bá ti kọjá, jíjí tí a jí i kò mú kórópọ̀n tí ó pé wá mọ́.

Ibí ni ìdílé ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí Y Poschiavo bá wà nínú C57BL/6J, Sry àti Sox9 máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbéra. Yàtọ̀ sí èyí, ìdílé C57BL/6J fúnra rẹ̀ fì sí ọ̀nà abo. Ní 2009 náà, Steven Munger, Blanche Capel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Duke fi ẹ̀yà ìbímọ ọlẹ̀ XY ti C57BL/6J wé ti ìdílé mìíràn tí a ń pè ní 129S1/SvImJ ní nǹkan bí ọjọ́ 11.5, wọ́n sì rí i pé àwọn jíìnì ọ̀nà abo ń ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ nínú C57BL/6J. Síbẹ̀ C57BL/6J tí ó ní Y tirẹ̀ ń di akọ láìsí wàhálà, nítorí pé Y náà yára tó láti borí ìfàsẹ́yìn yìí. Y tí ó bá lọ́ra díẹ̀ ni ìdílé náà ń tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn títí a ó fi dé ìgbésẹ̀ keje: àárín ẹ̀yà ìbímọ ni Sry ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tàn lọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì. Ibi tí ó bá dé gbẹ̀yìn ni ewu ti pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gba àṣẹ, kí ẹ sì yan ìdílé méjì, ó kéré tán

Ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ìlò ẹranko ni ó ṣáájú ohun gbogbo. Ìlànà mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Russell àti Burch gbé kalẹ̀ ní 1959 ni kí ẹ fi kọ ìwé ìbéèrè yín: kí a lo ohun mìíràn dípò ẹranko níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí a dín iye ẹranko kù, kí a sì dín ìrora wọn kù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan ìdílé. Ìdílé tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé ni èyí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò rẹ̀ ti ń bí ọmọ fún ara wọn fún ìran 20 ó kéré tán, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu bí ìbejì olójú kan. DBA ni ó dàgbà jù nínú wọn. Ọdún 1909 ni Clarence Little bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun kan náà ni ó sì bẹ̀rẹ̀ C57BL ní 1921. Fún ìbéèrè wa, ẹ mú C57BL/6J gẹ́gẹ́ bí ìdílé tí ó rọrùn láti yí, kí ẹ sì mú DBA/2J tàbí ọ̀kan nínú àwọn ìdílé tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 129 gẹ́gẹ́ bí ìdílé tí ó dúró ṣinṣin. Ẹni tí ó bá lo ìdílé kan ṣoṣo kò lè sọ ohunkóhun nípa agbára ìdílé, bí ó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tó.

Ẹ kọ orúkọ ìdílé náà dé lẹ́tà ìkẹyìn. C57BL/6J àti C57BL/6N kì í ṣe ohun kan náà: ní 1951 ni wọ́n ti yapa, ìkọ̀ọ̀kan sì ti kó àyípadà tirẹ̀ jọ. C57BL/6J ní àléébù nínú jíìnì Nnt tí C57BL/6N kò ní; C57BL/6N sì ní àléébù Crb1 tí ń ba ojú jẹ́, èyí tí kò sí nínú C57BL/6J. Bí ẹ bá kàn kọ B6, ìkékúrú C57BL/6, sínú ìwé yín, ẹni tí ó bá fẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe kò ní mọ èyí tí ẹ lò, kò sì ní mọ ìdí tí èsì tirẹ̀ fi yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ Y tí ó wà lọ́wọ́ yín

Krómósómù Y inú C57BL/6J jẹ́ ti irú musculus, èyí tí ó wá láti ọ̀dọ̀ èlírí ìhà ìlà-oòrùn. Y Poschiavo jẹ́ ti irú domesticus, ìyẹn ti èlírí ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Y domesticus ni ó ń dá wàhálà kan náà sílẹ̀ nínú C57BL/6J. Y Poschiavo àti Y tí ó wá láti Tirano, ìlú Ítálì kan tí kò jìnnà sí Poschiavo, ni ó le jù. Y tí ó wá láti ìdílé AKR/J ń jẹ́ kí kórópọ̀n pẹ́ kí ó tó hù, tí ẹ̀yà àdàlù yóò fi hàn fún ìgbà díẹ̀ nínú ọlẹ̀, ṣùgbọ́n akọ ni wọ́n ń jẹ́ bí wọ́n bá dàgbà. Y ti ìdílé FVB kì í sábà fa ohun tí a lè fojú rí. Ìtò yìí wúlò púpọ̀, nítorí pé ẹ lè yan Y gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́ kí ìdánwò náà le tó.

Y AKR/J ni mo máa ń dámọ̀ràn fún ẹni tí ó ní àyípadà jíìnì tuntun tí ó fẹ́ dán wò. Ẹ wo ohun tí Linda Washburn àti Eva Eicher rí ní 1983. Nínú C57BL/6J tí ó ní Y AKR/J, bí àpá kan bá já kúrò lára krómósómù 17, èyí tí a ń pè ní T-hairpin, ọlẹ̀ XY yóò ní ilé-ẹyin tàbí ẹ̀yà àdàlù. Ẹ fi Y C57BL/6J rọ́pò Y AKR/J, àpá tí ó já náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kórópọ̀n yóò hù. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni ó hàn pé jíìnì Map3k4, tí ó wà nínú àpá tí ó sọnù náà, ni ó fa ọ̀rọ̀ náà. Jíìnì náà ì bá má hàn sí ẹnikẹ́ni bí Y tí ó lọ́ra díẹ̀ kò bá sí níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń ra èlírí, ẹ ra èyí tí Y rẹ̀ ti wà nínú ìdílé tí ẹ fẹ́. Èlírí Poschiavo fúnra rẹ̀, tí onímọ̀ ẹranko kan, Fatio, fún ní orúkọ ní 1869, ní krómósómù 26 dípò 40, nítorí pé 14 méjì-méjì ti so pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n fi di 7 méjì-méjì. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yóò bá ìṣòro àìbímọ pàdé nínú ìran àkọ́kọ́ kí ó tó dé orí ìbéèrè tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ dá ọmọ padà sínú ìdílé

Ìgbésẹ̀ yìí ni ó gùn jù, níbẹ̀ sì ni àṣìṣe tí kò ṣeé tún ṣe pọ̀ sí. Láti gbé Y tàbí jíìnì kan sínú ìdílé tuntun, a ó mú èlírí tí ó ní i, a ó jẹ́ kí ó bá ìdílé tuntun náà bímọ, a ó yan ọmọ tí ó jogún ohun tí a fẹ́, a ó tún jẹ́ kí òun náà bá ìdílé tuntun bímọ, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe é títí. Ìran àkọ́kọ́, tí a ń pè ní N1, jẹ́ ìdajì-ìdajì. Láti ibẹ̀ lọ, ohun tí ó kù láti ìdílé àtijọ́ ń dín sí ìdajì ní ìran kọ̀ọ̀kan: ní N5, nǹkan bí ìdá 6.25 nínú 100 àwọn ojúlé jíìnì, ìyẹn àwọn ibi tí jíìnì ń wà lórí krómósómù, ni ó ṣì ní ẹ̀dà ìdílé àtijọ́; ní N10, ó ti kù sí nǹkan bí ìdá 0.2. N10 ni ọ̀pọ̀ ń gbà gẹ́gẹ́ bí òpin. Ẹni tí ó bá ní owó láti fi àmì DNA yẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò kí ó sì yan èyí tí ẹ̀jẹ̀ ìdílé tuntun pọ̀ jù nínú rẹ̀ lè dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ìran 5.

Ìṣirò yìí kò kan ẹ̀gbẹ́ jíìnì tí ẹ ń yàn. Àpá krómósómù tí ó yí jíìnì náà ká ń bá a rìn, nítorí pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń yàn án ní gbogbo ìran. Ní N10 pàápàá, ohun tí a retí ni pé nǹkan bí 20 sẹ́ńtímọ́gánì (ìwọ̀n tí a fi ń mọ jíjìnnà lórí krómósómù) láti ìdílé àtijọ́ yóò ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ lápapọ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún jíìnì sì lè wà nínú irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí jíìnì yín bá ti ìdílé 129 wá, tí ọlẹ̀ XY sì yí padà nínú C57BL/6J, kí ẹ tó dá jíìnì náà lẹ́bi, ẹ wá èlírí tí ó ní àpá 129 kan náà láìní àyípadà náà, kí ẹ sì wò ó bóyá òun náà yí.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ Y níbí, nítorí pé òun ni mo rí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbàgbé jù. Ọmọ akọ ń gba Y rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá nìkan. Bí ẹ bá ń lo akọ tí ó ní àyípadà jíìnì, tí ẹ sì ń fún un ní abo C57BL/6J ní gbogbo ìran, Y bàbá àkọ́kọ́ yóò wà níbẹ̀ títí láé, ìbáà jẹ́ ìran 10 ìbáà jẹ́ ìran 50. Iye tí ẹ kọ sórí àgò yóò sọ pé N10, àwọ̀ irun yóò dúdú bí ti C57BL/6J, ṣùgbọ́n Y inú rẹ̀ kì í ṣe ti C57BL/6J. Nínú iṣẹ́ mìíràn èyí lè má ṣe nǹkan kan. Nínú iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé akọ àti abo ni ìbéèrè náà, ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ó kéré tán ní ìran kan, ẹ jẹ́ kí abo tí ó ní àyípadà náà bá akọ C57BL/6J bímọ, kí ẹ sì ti ara ọmọ akọ ibẹ̀ tẹ̀ síwájú. Ní ìdà kejì, bí Y ni ẹ fẹ́ gbé, abo C57BL/6J ni kí ẹ máa fún akọ ní gbogbo ìran. X ọmọ akọ àti máìtókóńdíríà rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè agbára, tí ọmọ ń gbà lọ́dọ̀ ìyá, yóò ti di ti C57BL/6J láti ìran àkọ́kọ́.

Fún Y Poschiavo, ìdènà kan yóò yọjú bí ìran ṣe ń lọ: bí ẹ̀jẹ̀ C57BL/6J ṣe ń pọ̀ sí i ni akọ tí ó lè bímọ ń dín kù, nítorí pé ohun tí ẹ ń wá gan-an ni ó ń pa á run. Àwọn tí ẹ̀yà àdàlù wọn sàn di kórópọ̀n nìkan ni yóò máa bí ọmọ fún yín. Ẹ tọ́jú àgò púpọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ, kí ẹ sì tọ́jú àtọ̀ akọ tí ó bá bímọ sínú naitrojíìnì olómi ní kété tí ẹ bá ti rí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ mọ ọjọ́ orí ọlẹ̀ dé wákàtí

Ẹ da akọ àti abo pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì yẹ abo wò ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí àtọ̀ tí ó dì lójú ara rẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ 0.5. Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà kò tó fún iṣẹ́ yìí. A ti rí i pé àyè Sry kò ju wákàtí díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọlẹ̀ inú ìyá kan ṣoṣo lè fi wákàtí díẹ̀ ju ara wọn lọ, ìdílé kan sì lè yá ju èkejì. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ nìkan wé C57BL/6J àti DBA/2J lè rò pé jíìnì pẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ọlẹ̀ náà lápapọ̀ ni ó kéré.

Ohun tí ó dájú ni kíka àwọn ègé ìrù tí a ń pè ní somite. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ń rú jáde, kí ẹ sì kà wọ́n dé ṣóńṣó ìrù, kí ẹ tó tú ọlẹ̀ náà. Ègé 8 jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 10.5, ègé 18 jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 11.5, ègé 30 sì jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 12.5. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀ fún ọlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ègé 18 wé ègé 18. Bí àwọn ẹgbẹ́ méjì kò bá ní iye ègé tí ó bára mu, ẹ má fi wọ́n wéra.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ yẹ X àti Y wò

Ẹ mú ìrù tàbí ẹran ara mìíràn tí kì í ṣe ẹ̀yà ìbímọ, kí ẹ yọ DNA rẹ̀, kí ẹ sì ṣe PCR, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń sọ ègé DNA kékeré di púpọ̀ kí a lè rí i. Ó dára kí ẹ wá Sry pẹ̀lú jíìnì kan tí kò sí lórí X tàbí Y gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí pé PCR náà ṣiṣẹ́, nítorí pé láìsí ẹlẹ́rìí, PCR tí ó kùnà yóò dà bí ọlẹ̀ XX. Jíìnì Kdm5c lórí X àti Kdm5d lórí Y tún rọrùn láti lò, torí pé ohun èlò kan náà ń mú méjèèjì jáde ní gígùn tí ó yàtọ̀. Ẹni tí ó yẹ DNA kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò wo ẹ̀yà ìbímọ, tàbí kí ó kéré tán pa èsì DNA mọ́ títí ìwò yóò fi parí.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wo ẹ̀yà ìbímọ, ọ̀tún àti òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Ọjọ́ 13.5 sí 14.5 ni ó dára jù láti wò ó. Lábẹ́ màíkírósíkóòpù kékeré, kórópọ̀n máa ń fi ìlà-ìlà hàn bí okùn tí a ká jọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tí ó tóbi yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ilé-ẹyin máa ń dán láìní ìlà. Ẹ̀yà àdàlù ni ó nílò ojú tí ó gbóná. Níwọ̀n bí Sry ti ń tàn láti àárín, àárín ni okùn kórópọ̀n máa ń wà, ìpẹ̀kun kan tàbí méjèèjì ni yóò sì jẹ́ ilé-ẹyin. Bí ẹ bá gé ẹ̀yà náà sí wẹ́wẹ́ tí ẹ sì wo ègé àárín nìkan, ẹ ó pe ẹ̀yà àdàlù ní kórópọ̀n. Fún ìdí yìí, odidi ẹ̀yà ìbímọ ni kí ẹ kùn, kì í ṣe ègé, kí àwọ̀ náà lè fi àwọn purotéènì tí ń ṣe àmì sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn: ẹ fi SOX9 tàbí AMH mọ sẹ́ẹ̀lì Sertoli, ẹ fi FOXL2 mọ sẹ́ẹ̀lì ilé-ẹyin, kí ẹ sì fi SYCP3 mọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ti bẹ̀rẹ̀ pípín ti ẹyin, èyí tí kò yẹ kí ó wà nínú kórópọ̀n ọlẹ̀.

Ẹ kọ ọ̀tún àti òsì sílẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé ọlẹ̀ kan lè ní kórópọ̀n lápá kan àti ẹ̀yà àdàlù lápá kejì. Ẹ tún kọ ìwọ̀n àpá tí ó jẹ́ ti ilé-ẹyin sílẹ̀. Ẹni tí ó bá pín ohun gbogbo sí "akọ" àti "abo" nìkan ti sọ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú èsì rẹ̀ nù.

Ẹ má fi àgbà èlírí dípò ọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà àdàlù ni ó ń sàn di kórópọ̀n kékeré kí ọlẹ̀ tó di ọmọ tí a bí, nítorí náà iye akọ tí ẹ bá kà nínú àgò yóò ju iye tí ó hù dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Àwọn XY tí ó sì di abo nínú C57BL/6J kì í sábà lè bímọ, torí pé ẹyin inú wọn ń tètè run. Èyí kì í ṣe òfin fún gbogbo èlírí ayé o: èlírí kékeré ilẹ̀ Áfíríkà tí a ń pè ní Mus minutoides ní abo XY tí ń bímọ geerege nínú igbó, nítorí pé irú X kan tí wọ́n ní ti borí Y.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ ka iye tí ó tó

C57BL/6J máa ń bí nǹkan bí ọmọ 6 sí 8, ìdajì wọn ni XY, nítorí náà ìyá kan yóò fún yín ní ọlẹ̀ XY 3 tàbí 4. Bí ẹ bá wo ọlẹ̀ XY 10 tí kò sí èyí tí ó yí, ẹ kò tíì lè sọ pé ìdílé náà dúró ṣinṣin. Ìyípadà tí ó kan ọlẹ̀ 25 nínú 100 pàápàá lè fara pa mọ́ nínú iye yẹn. Bí ẹ bá wo 30 tí kò sí èyí tí ó yí, ẹ lè fi ọkàn balẹ̀ sọ pé ìdá náà kò ju nǹkan bí 10 nínú 100 lọ. Ìyá 9 tàbí 10 nìyẹn. Àwọn ọlẹ̀ inú ìyá kan kò dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n jọ pín ilé-ọmọ àti ọjọ́ orí. Ẹ fi orúkọ ìyá sínú ìṣirò, kí ẹ sì sọ iye ìyá àti iye ọlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ èsì.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ ka ìtumọ̀ èsì, kí ẹ sì wá ibi tí ìdílé fi agbára rẹ̀ pa mọ́ sí

Ẹ fi irú ọlẹ̀ mẹ́rin wéra, ó kéré tán: XY tí ó ní Y Poschiavo nínú C57BL/6J, XY tí ó ní Y C57BL/6J nínú C57BL/6J, XY tí ó ní Y Poschiavo nínú DBA/2J, àti XX inú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Bí àkọ́kọ́ nìkan bá yí, Y àti ìdílé jọ fa ọ̀rọ̀ náà ni, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ọmọ àdàlù C57BL/6J àti DBA/2J tí ó ní Y Poschiavo. Bí kórópọ̀n rẹ̀ bá hù dáadáa, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀dà kan láti DBA/2J tó láti dáàbò bò ó, ìyẹn ni pé ẹ̀dà C57BL/6J gbọ́dọ̀ pé méjì kí ewu tó yọjú. Ẹ mú akọ àdàlù yìí, ẹ fún un ní abo C57BL/6J, kí ẹ sì yẹ gbogbo krómósómù ọlẹ̀ XY wò. Ojúlé tí ẹ̀dà C57BL/6J méjì ti pọ̀ lára àwọn tí ó yí ju àwọn tí kò yí lọ ni ibi tí ẹ ó wá jíìnì sí. Irú ìwádìí àpadàsílé bẹ́ẹ̀ ni Eicher, David Page àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi rí àwọn àyè lórí krómósómù 2, 4 àti 5, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1996. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú pé jíìnì kan ṣoṣo kọ́ ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹrù náà pín sórí ojúlé púpọ̀, ojúlé kọ̀ọ̀kan ń fi díẹ̀ kún un, nítorí náà ọlẹ̀ púpọ̀ ni iṣẹ́ yìí ń béèrè ju gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó ṣáájú lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni yóò bá a lọ

Lórí àgò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ìdílé ní kíkún, ibi tí ẹ ti rà á àti ọdún tí ẹ rà á, iye ìran tí ẹ ti dá padà, àti orísun Y lórí ìlà tirẹ̀. Ìlà Y yìí kì í sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé àgò, òun sì ni ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín yóò kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá ń tọ́jú ìdílé fúnra yín dípò rírà á, ẹ máa ra àwọn òbí tuntun láti orísun kí ó tó pé ìran 10, nítorí pé ìdílé tí ó bá yà kúrò lára orísun rẹ̀ fún ìran 20 ti di ẹ̀ka tí ó yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń kọ ìwé fún títẹ̀ jáde, ẹ lo ìlànà ARRIVE, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń ròyìn ìwádìí tí a fi ẹranko ṣe, tí wọ́n tún ṣe ní 2020, kí ẹ fi iye ègé somite ọlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú tábìlì, kí ẹ sì fi àwòrán ẹ̀yà ìbímọ ọ̀tún àti òsì sí i, títí kan àwọn tí kò bá èrò yín mu.